Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: GBÍGBIN AKÒKO SÍ ÀÀLÀ ILẸ̀



Ilẹ̀ ti di wúrà láti Ibogun títí dé Mowe àti Ibafo. Púpọ̀ nínú wa ló fi owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò tíì rówó mọ odi yí i ká. Bí igbó bá bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ààlà lè ṣí nípò. Akòko lè bá wa ṣọ́ ọ.

Gbogbo wa la mọ akòko, ewé oyè ni. Ó máa ń ga gbọọrọ sókè, ewé rẹ̀ sì ń dán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ, ni ó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ èsè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Òkèèrè lèèyàn yóò ti rí ààlà yín.

Bí a ṣe ń gbìn ín nìyí:

1. Ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan. Inú ilẹ̀ tiyín ni kí ẹ gbìn ín sí, ẹ má sì jẹ́ kó bo òpó sìmẹ́ǹtì tí àwọn sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀.

2. Ẹ má wulẹ̀ wá hóró kiri. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4.

3. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ri ìdí rẹ̀ bọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò o!

4. Ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sáàárín igi kan sí èkejì. Kó jìnnà sí ògiri ilé, torí igi ńlá ni yóò dà bí a kò bá gé e.

5. Ìgbà tí òdòdó bá rẹ̀ tán ni kí ẹ gé orí rẹ̀. Ẹ̀ka tí ẹ gé wúlò fún ọ̀pá iṣu, àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ a sì máa ra ewé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé igi kì í ṣe ìwé. Láti ọdún 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Akòko kò lè dípò ìwé sọ̀fíyè, rìsíìtì àti ẹlẹ́rìí. Ẹ tọ́jú wọn dáadáa.

Akòko tí a gbìn lójú aládùúgbò, ẹlẹ́rìí ni. Èyí tí a gbìn lóru, ẹjọ́ ni.