Kámẹ́rà Aṣọ́lé Tí Ará Ilé Fúnra Rẹ̀ Tò Pọ̀

Kámẹ́rà aṣọ́lé ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri tàbí ẹnu géètì kí ó lè máa ya àwòrán ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ará ilé bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà fún ilé gbígbé, nítorí ní 1966 ni Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ kan ní Queens nílùú New York, àti Albert ọkọ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà lórí èyí tí wọ́n ṣe, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1969. Lóde òní, onílé tàbí ayálégbé ní Ọgbà nílùú Èkó lè tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ láìsan owó oṣooṣù fún ilé-iṣẹ́ kankan.

Linux ló mú èyí rọrùn. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ètò yòókù inú rẹ̀ ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í fẹ́ agbára púpọ̀, tó fi jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, tí Windows tuntun ti wúwo jù fún, ṣì lè ṣọ́lé dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kéré sí i lè lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ, tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Kámẹ́rà rírà gba àkíyèsí, nítorí àwọn kan wà tí kì í gbọ́ràn sí nǹkan mìíràn lẹ́nu ju áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n lọ, tí àwòrán ojúlé ẹni á sì kọ́kọ́ rìn dé òkè òkun kí ó tó dé orí fóònù ẹni tó ni ilé. Èyí tó ní RTSP ló yẹ kí ènìyàn béèrè, ìyẹn ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ tààrà sí kọ̀ǹpútà inú ilé.

Ètò tó ń ṣọ́nà gan-an ni Motion, tí àṣẹ sudo apt install motion ń gbé sórí Linux irú Debian tàbí Ubuntu. Motion kò dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àwòrán kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí ó ka iye àmì tín-ín-tìn-ín tó yí àwọ̀ padà, bí iye náà bá sì kọjá ààlà tí wọ́n fún un, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò sílẹ̀. Ààlà yìí ni threshold nínú fáìlì motion.conf, 1500 ló sì máa ń jẹ́ bí ènìyàn kò bá fọwọ́ kàn án. Níbi tí igi máńgòrò bá ti ń jù nínú atẹ́gùn, 1500 lè kéré jù, fídíò ewé lásán á sì kún inú kọ̀ǹpútà. Iná tún ní ìyọnu tirẹ̀: lóru tí NẸ́PÀ bá dá iná padà (orúkọ ilé-iṣẹ́ iná àtijọ́ yìí kò tíì kúrò lẹ́nu ará Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ikeja Electric ló ń pín iná lágbègbè Ọgbà láti 2013), gbogbo gílóòbù á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán á yí padà látòkè délẹ̀, Motion á sì kà á sí pé ẹnì kan wọlé. Ìlà lightswitch_percent nínú fáìlì kan náà ló ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé iná ló dé, kì í ṣe ènìyàn.

Jẹnẹrétọ̀ kò ṣe é gbára lé fún iṣẹ́ yìí, torí ìgbà tí wọ́n bá pa á láti sùn ni kámẹ́rà wúlò jù. Bí Raspberry Pi, kámẹ́rà kan àti ráútà bá jẹ wọ́ọ̀tì 20 lápapọ̀, bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 100Ah, tí wọ́n lo ìdajì rẹ̀ nìkan kí ó má baà tètè bàjẹ́, á gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí 30.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kò fi bẹ́ẹ̀ de ẹni tó ń lo àwòrán fún ọ̀ràn inú ilé rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú. Nínú ilé fés-mì-àì-fés-yù, níbi tí àwọn ayálégbé ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti balùwẹ̀, géètì ló yẹ kí kámẹ́rà kọjú sí, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Onílé tó bá dọ́gbọ́n gbé e pamọ́ kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá fi aṣọ bò ó.

Kò yẹ kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sí pálọ̀, nítorí olè tó bá rí kámẹ́rà á wá ibi tí wáyà rẹ̀ forí lé. Inú yàrá tí wọ́n ń tì ló dára jù, wọ́n sì lè lo ìlà on_picture_save láti pàṣẹ fún Motion kí ó máa fi ẹ̀dà àwòrán kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn níta ilé ní kété tó bá ti yà á.