Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Afẹ́fẹ́ fún Ínjìnnì

Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé èédú nìkan kò lè mú irin pọ́n. Ẹwìrì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ínjìnnì ọkọ̀. Bẹntiróòlù ló dúró fún èédú, afẹ́fẹ́ ni ti ẹwìrì. Kí gíráàmù 1 bẹntiróòlù tó jó dáadáa, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó gíráàmù 14.7.

Láyé Peugeot 504 oní-kàbúrétọ̀, mẹkáníìkì a máa fi sukuduráfà yí i díẹ̀díẹ̀, á dẹtí sí ínjìnnì títí ohùn rẹ̀ á fi já geere. Corolla òde òní kò gba ìyẹn. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń bu epo fún ínjìnnì, ṣùgbọ́n brain box kò lójú. Airflow sensor ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé fún un. Ẹ̀yìn fílítà ló wà, lẹ́nu páìpù. Wáyà tín-ín-rín bí irun orí wà nínú rẹ̀. Iná ń mú wáyà yìí gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń mú un tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ṣe máa fa iná tó. Iná tó fà yẹn ni brain box ń kà.

Ká sọ pé nígbà ọyẹ́, awakọ̀ kan gbé Corolla wá sí ìsọ̀ mẹkáníìkì ní Ìlódè.

“Ọ̀gá, mo bá tẹná, ọkọ̀ á máa fà sẹ́yìn. Mo bá dúró ní Lágeré, ó kú. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti pọ́ńpù epo.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti náwó o.”

Mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò. P0101 ló jáde. Kóòdù yìí kò ní kí a lọ ra sensor. Ohun tó ń sọ ni pé ìròyìn sensor kò bá ìṣe ínjìnnì mu. Ibí yìí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀.

Họ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí họ́ọ̀sì bá ya lẹ́yìn sensor, afẹ́fẹ́ tí kò gba ọ̀dọ̀ sensor kọjá á máa wọlé. Họ́ọ̀sì yìí kò ya. Ó pa ínjìnnì, ó yọ ẹnu wáyà sensor, ó tún tan ínjìnnì, ó tẹ iná sí i: ọkọ̀ dúró dáadáa, nítorí brain box ti padà sórí ohun tó ti há sórí. Sensor ló ń parọ́. Eruku ti bò ó, afẹ́fẹ́ kò mú wáyà tutù dáadáa mọ́, brain box wá ń rò pé afẹ́fẹ́ kéré, ó sì ń bu epo kéré.

Ó tú ìdè méjì, ó yọ sensor, ó fín oògùn airflow sí i. Kò fi aṣọ nù ún, kò fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò sì lo oògùn kàbúrétọ̀, nítorí wáyà yẹn lè bàjẹ́. Ó dúró kó gbẹ. Ìgbà tó dá a padà, nọ́ńbà rẹ̀ gbé sókè, ó ń ka nǹkan bíi gíráàmù 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí ínjìnnì lítà 1.8 tó ń sinmi. Ká ní kò yí padà ni, ìgbà náà ni à bá wá òmíràn, tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu.

Fílítà tó ti dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀, tó sì ti ya, ló jẹ́ kí eruku wọlé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín lónìí, kí ẹ wo tiyín.