Eré kan ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UNIOSUN ni mí ní Òkukù. Mo fi owó ilé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Eré kan ṣoṣo ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi, gbogbo owó náà sì lọ. N kò rí oorun sùn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù díẹ̀ kó wọlé ló máa ń dunni jù, torí ọkàn ti kà á sí owó ẹni. Kò fìgbà kan jẹ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ta òmíràn láti fi gba owó ilé náà padà. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ áàpù tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù yín lónìí, kí ẹ sì tètè bẹ onílé pé ẹ ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá lè jáwọ́, ẹ lọ rí dókítà ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín, ẹ má dá wà rárá. Ẹ pe ẹnì kan kó sìn yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.