Omi Hó, Ìrẹsì Ò Jinná: Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Kearsarge Pass?

ÌBÉÈRÈ

Los Angeles ni mò ń gbé. Nígbà ooru tó kọjá, èmi àti àbúrò mi gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, a gba Onion Valley gòkè, a kọjá ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Kearsarge Pass, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn létí àwọn adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ rẹwà kọjá àfẹnusọ. Ìrẹsì tí a gbé kaná ló dá wa lágara. Omi ń hó gidi, síbẹ̀ ó pẹ́ títí, inú ìrẹsì ṣì le. Àbúrò mi ní ìkòkò tuntun tí mo rà ni kò dára, èmi ní gáàsì ni kò lágbára. Orí tún ń fọ́ ọ. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ṣé igi ló yẹ kí a fi dáná ni? Omi tí a sè mu ńkọ́, ṣé ó mọ́?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrìnàjò, ẹ sì kú àfaradà ebi alẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè gidi lẹ bèèrè. Láti kékeré ni gbogbo wa ti mọ̀ pé bí omi bá ti ń hó, ohun tó wà nínú rẹ̀ á jinná. Ẹ wá rí omi tó ń hó àti ìrẹsì tó le nínú ìkòkò kan náà. Kò sẹ́ni tí kò ní yà lẹ́nu. Ìkòkò yín kò ṣe nǹkan kan, gáàsì yín náà kò jẹ̀bi. Omi yẹn hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbóná tó omi tó ń hó nílé yín.

Ibi tó ti rú yín lójú nìyí: a máa ń rò pé ohun kan náà ni híhó àti gbígbóná. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ìrẹsì: àpò ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń ru gbogbo èyí tí wọ́n tò lé e, tòkè kò ru nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́. Létí òkun, gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló ń tẹ omi inú ìkòkò mọ́lẹ̀. Kí omi tó hó, èéfín inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti ti afẹ́fẹ́ yẹn kúrò lọ́nà, kò sì ní ní agbára yẹn àfi tó bá gbóná dé ìwọ̀n Celsius 100.

Kearsarge Pass ga ju mítà 3,500 lọ, àwọn adágún tí ẹ sùn sí sì ga tó nǹkan bíi mítà 3,300. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀. Ìyókù kò wúwo tó láti di omi mú, ló fi jẹ́ pé bó bá ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 89, ó ti ń hó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò ibòmíràn, ẹ máa yọ nǹkan bí ìwọ̀n kan fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Ní Jos, nǹkan bíi 96 ni omi ti ń hó; ẹni tó ń se ẹ̀wà níbẹ̀ á kàn fi í sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i.

Fífi kún iná ńkọ́? Ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó ni gbígbóná rẹ̀ dúró sí. Iná tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, omi ló ń sọ di èéfín: omi á tètè gbẹ, gáàsì á tètè tán, gbígbóná rẹ̀ kò ní kúrò ní 89. Iná igi kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi tún dùn pé ẹ kò dá a, torí òfin kò gba iná igi ní gíga yẹn nínú ọgbà Kings Canyon, níbi tí àwọn adágún yẹn wà. Àwọn igi ibẹ̀ kì í tètè dàgbà.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹta 1835, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, ń kọjá Portillo Pass lórí òkè Andes. Pòtétò tí wọ́n gbé kaná wà nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan, ìkòkò sun orí iná mọ́jú, wọ́n tún sè é láàárọ̀, síbẹ̀ kò jinná. Darwin gbọ́ bí àwọn méjì tó ń bá a rìn ṣe ń jíròrò rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ìkòkò náà, tó jẹ́ tuntun, ni kò fẹ́ se pòtétò. Ohun tí àbúrò yín sọ gan-an nìyẹn! Mo fẹ́ràn àwọn ọkùnrin yẹn, torí wọ́n ṣàkíyèsí, wọ́n sì wá ìdí. Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọn kò kà mọ́ ọn.

Ìkòkò prẹ́ṣọ̀, irú èyí tí Denis Papin gbé jáde ní 1679, lè mú kí omi gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ lókè, torí ó ń sé èéfín mọ́nú kó lè máa tẹ omi. Ó wúwo jù fún ẹni tó ń gbé ẹrù sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn de ìdérí ìkòkò lásán láti fi ṣe irú rẹ̀, ó lè bú gbàmù mọ́ yín. Oúnjẹ tó ti jinná láti ilé ni kí ẹ gbé. Gàrí ni màá kọ́kọ́ mú ní tèmi: wọ́n ti yan án, omi yẹn sì gbóná tó láti fi tẹ ẹ̀bà. Ìndómì náà dára. Bó bá ṣe ìrẹsì dandan, ẹ sè é nílé, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, lókè ẹ ó kàn bu omi gbígbóná sí i, ẹ ó sì dé e títí yóò fi rọ̀. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Kí gbogbo oúnjẹ wà nínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Dandan ni níbẹ̀.

Omi tí ẹ mu kò léwu bó bá hó pẹ́ tó. Ìwọ̀n 89 tó láti pa kòkòrò àrùn. Níbi tó bá ti ga ju mítà 2,000 lọ, ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí omi hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta dípò ẹyọ kan.

Orí fífọ́ àbúrò yín ni kí ẹ má fojú kéré. Afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kan náà ló fà á, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ó ń mú ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́, ó sì lè fi ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá sílẹ̀. Ẹ sun Onion Valley lálẹ́ kan kí ẹ tó gòkè, torí ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi mítà 2,800. Ẹni tí orí ń fọ́ kò gbọdọ̀ gòkè sí i títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò lè mí délẹ̀ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yìn òkè ni àwọn adágún yẹn wà: kí ẹ tó padà sí ibi tí mọ́tò yín wà, ẹ ní láti kọ́kọ́ gòkè. Ìhà ìwọ̀ oòrùn, lápá Bubbs Creek, ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó sì jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò. Nítorí náà, orí Kearsarge Pass gan-an ni kí ẹ ti bi àbúrò yín bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ tó sọ̀ sí ìhà adágún. Bí orí bá ti ń fọ́ ọ níbẹ̀, ẹ yí padà sí Onion Valley.