Èló Ni Kí A Pè É? Ẹ̀kọ́ Lórí Dídá Iye Lé Iṣẹ́ Fífọ Fèrèsé Ṣọ́ọ̀bù

Ó ti lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí àwọn ará ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, oníṣọ́ọ̀bù kan ní kí n wá máa bá òun fọ fèrèsé. Èló ni kí n pè é?" Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè nínú ìwé ìròyìn wa lóṣù yìí, kí n lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí tọkọtaya sì lè jókòó kà á nílé pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání kò ju ọ̀kan lọ. Iye owó iṣẹ́ kì í ti ojú oníbàárà wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti ẹnu aládùúgbò wá. Inú ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ náà gbà, àti ìnáwó tí ẹ ṣe kí ẹ tó dé ibẹ̀, ni ó ti ń wá.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE KÀN WÁ

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín, àwa náà kó kúrò ní Toronto wá sí Bowmanville, tó wà ní bíi kìlómítà 75 sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí owó ilé. Nígbà tí iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi dín kù níbi tí wọ́n wà, a ra garawa, ọṣẹ, àkàbà, àti squeegee, ìyẹn ọ̀pá olórí rọ́bà tí a fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní King Street. Oníṣọ́ọ̀bù béèrè pé èló ni. Bàbá àwọn ọmọ mi wo gíláàsì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní $15. Ọkùnrin náà gbà lójú ẹsẹ̀, inú wa sì dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ná ọjà ní Dùgbẹ̀ rí mọ̀ pé bí ẹni tó ń rà kò bá ná an rárá, ẹni tó ń tà ti ṣìṣe.

Kò pẹ́ tí a fi ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tó jọra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní $15, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n owó kò dúró. Nítorí pé owó náà kéré, wọ́n ní láti máa sáré láti ibì kan dé òmíràn kí ọjọ́ náà tó lè mú nǹkan wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, wọn kò dúró kí yìnyín ilẹ̀ yọ́ kí wọ́n tó gbé àkàbà kalẹ̀. Àkàbà yọ̀, wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ náà fi wà nínú P.O.P. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún wa, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ yìí kì í sí lábẹ́ ààbò WSIB, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un tó sì ń san owó rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Èmi tí n kì í fún aláìsàn ní oògùn láìṣírò ìwọ̀n rẹ̀, mo gbà kí a fi ojú wíwò lásán dá iye lé iṣẹ́ tí à ń jẹun nídìí rẹ̀. Mo mú ìwé, a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: ẸLÓÒ NI WÁKÀTÍ KAN YÍN?

Ẹ kọ ìnáwó ọdún kan sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí jẹ́. Ẹ fi ti yín rọ́pò wọn.

Inṣọ́ránsì iṣẹ́: $900
Ọkọ̀ (epo, àtúnṣe, àti gbígbó rẹ̀): $5,280
Ọṣẹ, rọ́bà, aṣọ ìnugíláàsì àti irinṣẹ́: $600
Tẹlifóònù, ìwé àti báńkì: $900
Àròpọ̀: $7,680

Ká ní ẹ ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, tí ọwọ́ yín yóò sì wà lára gíláàsì fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Wákàtí 960 nìyẹn. Bí a bá pín $7,680 sí ọ̀nà 960, $8 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wọlé kí ẹ tó jẹ ohunkóhun.

Ó wá ku owó ọwọ́ yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin Ontario fọwọ́ sí di $17.60 ní wákàtí. Ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ru ewu òwò kò yẹ kó dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sí $24. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. Wákàtí 20 lára gíláàsì ń béèrè bíi wákàtí 10 mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀: ọkọ̀ wíwà, wíwá oníbàárà, kíkọ ìwé owó, àti lílọ sin gbèsè. Wákàtí 30 ní $24 jẹ́ $720 lọ́sẹ̀, wákàtí 20 ti ara gíláàsì ni yóò sì san gbogbo rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ $36 ní wákàtí. Ẹ fi $8 ti ìnáwó kún un, ó di $44. Ẹ fi $4 kún un nítorí ọjọ́ àìsàn àti ọjọ́ ìjì, ó di $48. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan jẹ́ 80 sẹ́ǹtì.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ KA ÌṢẸ́JÚ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yẹn. Gíláàsì ńlá mẹ́fà ló ní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onígíláàsì kan. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 2 nínú àti ìṣẹ́jú 2 lóde. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ìṣẹ́jú 24. Ilẹ̀kùn gba 3. Kíkó irinṣẹ́ sílẹ̀, pípọn omi, nínu ojú fèrèsé, àti fífún oníṣọ́ọ̀bù ní ìwé gba 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 35. Ní 80 sẹ́ǹtì, iye rẹ̀ jẹ́ $28.

$15 ni àwa ń gbà. $13 ń sọnù lójoojúmọ́ tí a bá débẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún lọ́dún, ó jẹ́ $312. Lórí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, $3,120. Àwa fúnra wa la fi owó yẹn ta wọ́n lọ́rẹ, láìmọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: IYE TÍ Ẹ KÒ NÍ GBÀ DÍN SÍ

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lè gba ìṣẹ́jú 8 péré. Ìṣirò yóò ní $6.40, ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ kó irinṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì tún kó o padà. Ẹ ní iye kan tí ẹ kì í gbà dín sí. Ti ilé wa jẹ́ $20. Bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin bá to ara wọn ní King Street, ẹ lè dín díẹ̀ kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Orono tàbí Newcastle, ìrìn àjò náà gbọ́dọ̀ wà nínú owó.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: OHUN TÓ Ń MÚ IYE GÒKÈ

Fífọ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ fífọ tó tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí ọdún kan lè gba ìlọ́po méjì àkókò; ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì wẹ́wẹ́ tó wà lára àwọn ilé àtijọ́ ń gba àkókò ju gíláàsì ńlá kan lọ, nítorí igun mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti nù.

Bí ọ̀dà tàbí sìmẹ́ǹtì bá ta sí gíláàsì, ẹ má sáré fi abẹ họ ọ́. Abẹ lè ha gíláàsì tempered, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ooru mú le, owó gíláàsì kan sì lè jẹ èrè oṣù kan run. Ẹ jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ewu náà.

Nígbà òtútù, omi ń dì mọ́ gíláàsì, iyọ̀ ojú títì sì ń ta sí i. A máa ń fi omi tí a fi ń fọ gíláàsì ọkọ̀ nígbà òtútù kún omi garawa kó má baà dì, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí òtútù bá le jù, ẹ ó fọ inú nìkan tàbí kí ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ní ti ibi gíga, mo bẹ̀ yín. Òfin Ontario kan wà lórí fífọ fèrèsé nìkan, Regulation 859, fún ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè já bọ́ láti mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pá gígùn kò bá lè débẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ. Kò sí iye tí ẹ lè pe egungun ẹ̀yìn.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: TI ÌJỌBA

Wákàtí 960 ní $48 jẹ́ $46,080 lọ́dún. Bí ohun tó wọlé bá ti kọjá $30,000 láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ léra, òfin ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún HST, kí ẹ sì máa gba ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó yín. Bí ẹ bá ti sọ pé $28 ni gbogbo rẹ̀, $3.22 nínú rẹ̀ di ti ìjọba, àpò yín ló sì ti jáde. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "$28, HST lọ́tọ̀." Lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ lè gba HST tí ẹ san lórí epo àti irinṣẹ́ iṣẹ́ padà.

Bí a bá yọ ìnáwó kúrò, $38,400 ló kù. Ní ọdún 2025, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ń san ìpín méjèèjì ti CPP, ìdá 11.9 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó lé ní $3,500. Ìyẹn jẹ́ bíi $4,153, kí owó orí gan-an tó dé. Ṣé ẹ rí i pé $48 kì í ṣe ojúkòkòrò? Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni ìwé owó orí wa gbọ́dọ̀ dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni owó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì fún ọdún mẹ́fà.

BÍ A ṢE Ń SỌ IYE

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù níhìn-ín kì í sábà ná an bíi ti Dùgbẹ̀. Wọn á béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, wọn á sì fi wéra. Nítorí náà, ẹ má fi èlé lé e pé wọn yóò gé e. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye gíláàsì, inú tàbí òde, ìgbà mélòó lóṣù. Bí wọ́n bá ní ó pọ̀ jù, iṣẹ́ ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe owó ìṣẹ́jú yín: òde nìkan ní $20, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà láàárín ara wa. Bí arákùnrin wa kan bá ń fọ ṣọ́ọ̀bù kan ní $28, tí a wá fi $18 gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan la pa lára. Ẹlòmíràn yóò fi $12 gbà á lọ́wọ́ àwa náà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Nígbà tí ọwọ́ san, a kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé $28 ni báyìí. Ẹ̀rù bà wá. Mẹ́ta lọ, méje dúró. Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ń mú $150 wá fún ìṣẹ́jú 350. Nísinsìnyí, méje ń mú $196 wá fún ìṣẹ́jú 245. Bàbá àwọn ọmọ mi ń délé kí a tó jẹun alẹ́, wọ́n sì ń dúró kí yìnyín yọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ

1. Èló ni ìnáwó iṣẹ́ yín fún ọdún kan?
2. Wákàtí mélòó lẹ ń lò lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀?
3. Ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ń fọ tí ẹ kò tíì fi aago wọn rí? Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ìṣirò bá ta kókó, ẹ mú ìwé yín wá lẹ́yìn ìsìn. A ó jọ jókòó tì í.