Ike Inú Oúnjẹ Ẹja
Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ìdá kan nínú rẹ̀ ni nanómítà. Ní Yunifásítì Lund, ní Swídìn, àwọn onímọ̀ po èérún ike tó tó bíi nanómítà 25 mọ́ ewéko omi tíntìntín, irú èyí tó máa ń sọ adágún di aláwọ̀ ewé. Kòkòrò omi jẹ ewéko náà, ẹja sì jẹ kòkòrò náà. Èsì wọn jáde ní 2012: àkókò tí ẹja wọ̀nyí fi jẹun ju ìlọ́po méjì ti ẹja tí kò bá ike pàdé lọ. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà yí padà. Ó dunni gan-an, torí inú oúnjẹ òòjọ́ wọn gan-an ni ike náà gbà wọlé. Ní 2017, wọ́n bá irú èérún bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ẹja.