Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ àti Eré Ìta Gbangba



Àwa tí a ń kọ́ni nílé kéú máa ń gbọ́ ọ pé eré kì í ṣe ti ọmọ kéú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Hádíìsì fi yé wa pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje lórí ìrìn àjò. Áíṣà ló kọ́kọ́ ṣáájú; nígbà tó yá, Ànábì náà ṣáájú. Ó sì gba àwọn tó ń ta ọfà níyànjú.

Àwọn ọ̀dọ́ ló dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló dá MSSN sílẹ̀ ní 1954, tí wọ́n ń pàgọ́ ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi.

Àwa ará Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́? Ọmọ tí kò rí ẹgbẹ́ rere bá rìn, ẹgbẹ́ òkùnkùn ń dúró dè é. Ṣágámù ti sin ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ya ọ̀sán Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù. Kí bàbá, ìyá àtọmọ jọ jáde, kí a sáré, kí a gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn obìnrin ní ààyè tiwọn. Bí Alásárì bá tó, kí a jọ kírun.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.